Ọjọ́ Méjì ní Ìlú Èbúté, Láìmú Ọmọ Dání

Bí tọkọtaya bá kúrò nílé ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọlé padà ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wákàtí 46 ni wọ́n ní lọ́wọ́. Oorun òru méjì yóò kó 16 lọ nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oorun yẹn du ara rẹ̀, nítorí òbí tí ọmọ ń jí lóru ti jẹ gbèsè oorun pẹ́. Wákàtí 30 ló kù. Bí ìlú tí ẹ yàn bá gba wákàtí mẹ́ta ní àlọ, tó tún gba mẹ́ta ní àbọ̀, ìdá kan nínú márùn-ún àkókò yín ti parí sójú ọ̀nà. Ìṣirò yìí ló yẹ kó ṣáájú wíwo àwòrán òtẹ́ẹ̀lì. Wákàtí mẹ́ta láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ẹnu ọ̀nà yàrá ni mo kà sí òpin. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú tàn yín: èyí tí wọ́n ní ó máa fò fún wákàtí kan, tí ẹ bá ka ìrìn dé pápákọ̀, ìdúró lórí ìlà, àti ìrìn láti pápákọ̀ wọ ìlú mọ́ ọn, ó ti di mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ìlú èbúté bá irú àkókò kúkúrú bẹ́ẹ̀ mu ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Apá àtijọ́ rẹ̀ sábà máa ń há mọ́ra, nítorí láyé ìgbà tí ènìyàn àti ẹranko ń ru ẹrù, ilé ìkẹ́rùsí, ọjà, ọ́fíìsì aṣọ́bodè àti ibùwọ̀ àwọn atukọ̀ kò lè jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ohun tí ẹ bá fẹ́ rí, ẹsẹ̀ á gbé yín débẹ̀. Ìdí kejì ṣe pàtàkì jù fún èmi. Tọkọtaya tó ti lo ọdún mélòó kan tí gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kò ju "ta ló máa lọ mú wọn níléèwé" àti "ṣé o ti san owó yẹn" lọ, kò rọrùn fún wọn láti jókòó kojú ara wọn nídìí oúnjẹ kí wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ojú àwọn méjèèjì wà lára omi, tí ọkọ̀ ń lọ tí ọkọ̀ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ máa ń wá fúnra rẹ̀. Bí kò bá sì wá, ìdákẹ́jẹ́ náà kò ní ni ẹnikẹ́ni lára.

Àmọ́ èbúté ní aago tirẹ̀. Omi ń kún, omi ń fà, afẹ́fẹ́ ń dìde ní àkókò kan, ó sì ń rọlẹ̀ ní òmíràn, ọkọ̀ akérò ìkẹyìn kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá gbé ètò tirẹ̀ lé orí aago yìí, ọjọ́ méjì á tó o. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jà, yóò lo ọjọ́ Àbámẹ́ta nídìí ìlà àti lábẹ́ afẹ́fẹ́.

Kí ẹ tó ronú nípa omi rárá, ẹ kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, kí ẹ sì parí rẹ̀ dáadáa. Bí fóònù bá ń dún ṣáá, kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi ẹni tí ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún. Ohun tí ẹ kò kọ sílẹ̀ ló ń pè yín. Ẹ fi ọwọ́ kọ ojú ìwé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Kí orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò, ohun tí ara rẹ̀ kò gbà, nọ́ńbà dókítà, àti orúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un kúrò níléèwé. Ìdí tí kílò fi ṣe pàtàkì ni pé bí ọmọ ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń díwọ̀n oògùn ibà. Oògùn paracetamol olómi kì í sì í lágbára bákan náà nínú gbogbo ìgò: nínú òmíràn, mílílítà márùn-ún ní mílígíráàmù 120, nínú òmíràn 250. Ṣíbí kan láti inú ìgò kejì ju ìlọ́po méjì ṣíbí ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ má kọ "ṣíbí kan". Ẹ kọ iye mílílítà tí dókítà sọ, ẹ kọ wákàtí mélòó ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà kan sí èkejì, kí ẹ sì fi ìgò náà gan-an sílẹ̀ pẹ̀lú ohun ìwọ̀n tó bá a wá. Lẹ́tà kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, tó fún olùtọ́jú ọmọ láṣẹ láti gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti kọ. Ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ti wọ ọkọ̀.

Bí olùtọ́jú yóò bá fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé ọmọ, ẹ de ìjókòó ọmọdé sínú ọkọ̀ náà fúnra yín, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ di ìjókòó náà mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì: bí ó bá sún ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, kò tíì le tó. Tí ẹ bá fi iṣẹ́ yìí sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìkánjú á jẹ́ kí bẹ́líìtì lọ́, ẹ̀yin náà á sì pẹ́ kúrò nílé.

Ọmọ tí kò tíì sùn lọ́dọ̀ ẹni náà rí, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀ ní òru kan ṣáájú, bí ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà. Òru yẹn á fi ohun tí ìwé kò lè sọ hàn: aṣọ ìbora tí kò lè ṣe é kù, iná tó gbọ́dọ̀ wà ní títàn, orin tí wọ́n ń kọ fún un. Láàárín oṣù mẹ́jọ sí ọdún kan ààbọ̀ ni ẹ̀rù ìyapa máa ń le jù fún ọ̀pọ̀ ọmọ, nítorí náà ẹkún ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ orí yìí kì í ṣe àmì pé nǹkan bàjẹ́. Ẹ má yọ́ lọ o. Ọmọ tí òbí bá yọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ á máa ṣọ́ ilẹ̀kùn títí ẹ ó fi dé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, ẹ sọ iye oorun tó máa sùn kí ẹ tó padà, ẹ dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì jáde.

Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ètò tirẹ̀. Ọmú kò mọ̀ pé ìsinmi ni a wà. Ó ní láti máa fún wàrà náà jáde ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, bí ọmọ ṣe máa ń mu ún nílé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmú á wú, á le, ó sì lè yọrí sí àrùn ọmú wíwú tòun tibà. Wàrà tó wà nínú fìríìjì ṣeé lò títí di ọjọ́ mẹ́rin. Nínú àpò atútù tí yìnyín dídì wà nínú rẹ̀, wákàtí 24. Kí ẹ béèrè bóyá fìríìjì wà nínú yàrá, bóyá wọ́n sì lè fi yìnyín yín dì sílé ìdáná wọn, kí ẹ tó sanwó. Ọkọ ló yẹ kó pe òtẹ́ẹ̀lì béèrè èyí, kí ẹrù rírò yẹn má tún wà lórí ìyàwó nìkan.

Ní ti ìpè, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó, kó jẹ́ ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ. Àkókò oorun ni ọ̀pọ̀ òbí ń pè, òun gan-an ló burú jù: ọmọ tó ti gbà pé ìyá àgbà ló máa tẹ́ òun sùn á gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni kó wà ní títàn, kí ẹ sì ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ pé ìpè olùtọ́jú nìkan ló lè dún. Èkejì, ẹ pa á.

Yàrá ni ọ̀rọ̀ kàn. "Yàrá tó kọjú sí èbúté" lè túmọ̀ sí nǹkan méjì tí kò jọra. Èbúté àtijọ́ tí ọkọ̀ kéékèèké àti ọkọ̀ akérò ń lò máa ń dákẹ́ lóru. Èbúté tí wọ́n ti ń já kọ̀ǹténà kì í sùn. Iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán, agogo ìkìlọ̀ ń dún lára àwọn kírééènì bí wọ́n ṣe ń rìn, irin sì ń lu irin títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ láti òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ mọ èyí tó wà níwájú fèrèsé yín. Níbi tí ọkọ̀ onígbòkun pọ̀ sí, okùn á máa na òpó irin ní gbogbo òru bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Nínú kùrukùru, òfin òkun ní kí ọkọ̀ onímọ́tò tó ń rìn fọn fèrè gígùn kan, kí àlàfo láàárín fèrè kan sí èkejì má ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ní àwọn ìlú àríwá Yúróòpù, oòrùn lè yọ kí agogo márùn-ún ìdájí tó lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ẹyẹ òkun á sì ti bẹ̀rẹ̀ ariwo kó tó yọ. Ohun ìdítí méjì-méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti yàrá tó ga tó àjà kẹta sókè, ni mo máa ń dámọ̀ràn. Bí owó kò bá tó fún yàrá tó kọjú sí omi, ẹ má bínú: yàrá ẹ̀yìn tó dákẹ́, tó jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí etí omi, dára ju yàrá iwájú tí ilé ọtí wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ má ṣètò ohun ńlá kankan sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Àwọn méjèèjì á ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n á ti ibi ìdágbére ọmọ bọ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti retí púpọ̀. Tábìlì tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ṣáájú ní agogo mẹ́sàn-án á wá di iṣẹ́ mìíràn. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ rìn lọ sí etí omi fún ààbọ̀ wákàtí, ẹ sùn. Bí ọ̀kan nínú yín bá sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀, kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ wo tábìlì àkókò omi kí ẹ tó wo ìwé ìtọ́sọ́nà kankan. Ní ọ̀pọ̀ etíkun, omi ń kún lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50, nítorí náà láti ìgbà tí omi kún dé ìgbà tó tún kún jẹ́ bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25. Bí ó bá kún ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú á sún sí bí agogo méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní àsìkò oṣù tuntun àti oṣù àrànmọ́jú, omi á kún jù, á sì fà jù. Kì í sì í gòkè bákan náà: tí a bá pín gígùn rẹ̀ sí ọ̀nà 12, ó máa ń gba 1 ní wákàtí àkọ́kọ́, 2 ní ìkejì, 3 ní ìkẹta, 3 ní ìkẹrin, 2 ní ìkarùn-ún, 1 ní ìkẹfà. Ìdajì omi náà ń wọlé láàárín wákàtí méjì àárín, òun ló sì ń bá ènìyàn lójijì. Ní Saint-Malo ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìyàtọ̀ láàárín omi kíkún àti omi fífà lè ju mítà 12 lọ, ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń rìn dé erékùṣù Grand Bé nígbà tí omi bá fà. Ẹni tó bá jókòó pẹ́ síbẹ̀ á dúró de fífà mìíràn fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní Òkun Mẹditaréníà, ní ọ̀pọ̀ ibi, ìyàtọ̀ náà kò tó ìdajì mítà, ẹ lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀.

Kí ni èyí fẹ́ ṣe fún tọkọtaya? Púpọ̀. Nígbà tí omi bá fà, ẹrẹ̀ èbúté á hàn síta, á rùn, ọkọ̀ kéékèèké á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àkókò ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ọjà nìyẹn. Nígbà tó bá kún, omi á dé ẹsẹ̀ ògiri, òórùn á lọ, ọkọ̀ ńláńlá á sì máa wọlé tàbí jáde nítorí omi ti jìn tó. Ẹ wo èyí tó bọ́ sí àsìkò oúnjẹ alẹ́, kí ẹ fi àga yín síbẹ̀.

Afẹ́fẹ́ náà ní ìdí. Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná kíákíá ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gòkè, ti orí omi tó tutù á wọlé wá gba àyè rẹ̀. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bí ó ti ku díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, á le jù láàárín agogo méjì sí mẹ́rin, á sì rọlẹ̀ bí oòrùn bá ti ń wọ̀. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ọ̀sán. Ẹni tí òòyì ń kọ̀ lójú omi, kó jókòó sí àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kò ti ń jù púpọ̀, kó máa wo ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, kó má ka nǹkan kan lórí fóònù. Oògùn òòyì gbọ́dọ̀ wọnú ara bíi wákàtí kan ṣáájú; bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́. Ó ń kun ènìyàn lóorun, nítorí náà ẹ má fi ọtí lé e, aláboyún sì gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà ná. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ dání kódà bí ìlú bá gbóná, àti bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, torí òkúta etí omi tí ewé omi ti hù sí ń yọ̀ púpọ̀. Okùn tí wọ́n fi so ọkọ̀ ńlá, tó le tantan, ẹ má dúró nítòsí rẹ̀, ẹ má sì gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Bó bá já, kò sí ìkìlọ̀.

Ẹ má sáré ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀tàn ìlú. Ọkọ̀ akérò tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba ojú omi kan náà. Ọkọ̀ Staten Island ní New York, ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú 25 ló ń lò, ó sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, ọkọ̀ onínọ́ńbà 62 ń gba tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ìlú náà. Ní Sydney, ìrìn ọkọ̀ akérò bí ààbọ̀ wákàtí ló gbé ènìyàn láti Circular Quay dé Manly, tí gbogbo èbúté sì kọjá lójú ẹ. Ẹ wá ọkọ̀ irú èyí, ẹ lọ, ẹ bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣọ́: àkókò ọjọ́ Àìkú kì í sábà jọ ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ ya àwòrán tábìlì náà síbi tí ẹ ti wọkọ̀, kí ẹ sì fojú sí ọkọ̀ tó ṣáájú ìkẹyìn, kì í ṣe ìkẹyìn.

Ọ̀pọ̀ èbúté ń gbé orúkọ àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńláńlá tó ń bọ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ kan lè tú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn sílẹ̀ sí ìgboro. Àwọn wọ̀nyí sábà máa ń dé láàárọ̀, wọ́n á sì padà sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí méjì bá wà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yín, láàárín agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ fi ìgboro sílẹ̀ fún wọn. Ẹ sọdá sí òdìkejì omi, tàbí kí ẹ padà lọ sùn. Oorun ọ̀sán nínú yàrá tí kò sí ọmọ tó ń kanlẹ̀kùn, mo rò pé òun ló tó owó òtẹ́ẹ̀lì náà.

Ní alẹ́, ẹ kọ́ bí a ti ń ka ọkọ̀. Iná pupa wà ní òsì ọkọ̀, àwọ̀ ewé ní ọ̀tún, funfun lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀ tààrà. Bí ó bá jẹ́ funfun kan nísàlẹ̀, ó ń lọ ni. Fèrè kúkúrú kan túmọ̀ sí "mò ń yà sọ́tùn-ún", méjì "mò ń yà sósì", mẹ́ta "ẹ́ńjìnnì mi ń fà mí sẹ́yìn", márùn-ún "ohun tí o ń ṣe kò yé mi". Ilà tí wọ́n kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹrù, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ di dandan ní 1876 nítorí akitiyan aṣòfin kan, Samuel Plimsoll, ń fi hàn bí ẹrù ṣe pọ̀ tó: bí ó bá ga sókè omi, ọkọ̀ náà fúyẹ́, bí omi bá súnmọ́ ọn, ó ti kún. Áàpù tó ń fi orúkọ ọkọ̀ àti ibi tó ń lọ hàn wà fún ẹni tó bá fẹ́, àmọ́ mo fẹ́ràn kí ẹ kọ́kọ́ méfò. Eré yìí ń fún ọ̀rọ̀ láyè láti bọ́ sílẹ̀.

Ẹ má ṣòfin pé "a kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ọmọ". Kò ṣeé ṣe, ẹni tó bá kọ́kọ́ rú òfin á sì máa rò pé òun jẹ̀bi. Ẹ kàn ya ọ̀rọ̀ ètò sọ́tọ̀: owó iléèwé, àtúnṣe ilé, ta ló máa gbé ta ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ti ìyẹn. Bí ọmọ bá ṣe ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín lánàá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe wù yín. Ó sì dára kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba wákàtí kan fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ tún pàdé. Òbí tí kò dá nìkan rìn láti oṣù pípẹ́ máa ń padà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu.

Ọjọ́ Àìkú kúrú. Bí ìlú bá ní ọjà ẹja, òwúrọ̀ kùtù ni tirẹ̀: ti Hamburg, tó ti wà láti 1703, ń ṣí ní agogo márùn-ún ìdájí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti méje nígbà òtútù, ó sì ń parí ní agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kó ẹrù yín jáde kí wákàtí ìjáde òtẹ́ẹ̀lì tó pé, ẹ fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ẹ sì jókòó sétí omi lẹ́ẹ̀kan sí i láìgbé báàgì kiri.

Ẹ wọlé ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú kí àwọn ọmọ tó sùn. Bí ẹ bá dé bí oorun ti ń gbé wọn lọ, inú wọn á dùn débi tí wọn ò ní sùn mọ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé á sì bàjẹ́. Kí ọ̀kan nínú yín jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí èkejì jókòó ti olùtọ́jú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kí ni wọ́n jẹ, oògùn wo ni wọ́n lò àti ní agogo mélòó, kí ló le, kí ni kò sí nínú ìwé ara fìríìjì. Ẹ kọ ọ́ kún ìwé náà lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un lówó tàbí ohun tí ẹ jọ ṣàdéhùn kó tó dìde, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ oṣù wo ló tún lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn.